Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Àlejò?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sin àbúrò mi kan tó ti Ìbàdàn wá lọ sí ilé ìtura kékeré kan ní ìtòsí Ọ̀gbà. Wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò ti ìwé ńlá kan sí i pé kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Àbúrò mi kọ Johnson. Kò sí Johnson kankan nínú ẹbí wa. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń kọ òótọ́ síbẹ̀?" Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ wo ìwé, ó gba owó, ó na kọ́kọ́rọ́.

Mo mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe é. Wọ́n ka ilé ìtura sí ibi ìtìjú. Èmi náà ti ṣe é rí, ní Agége, kí n tó gbéyàwó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, Timothy Adegoke ló sọ sí mi lọ́kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Ó ti Àbújá wá ṣe ìdánwò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó sì wọ̀ sí ilé ìtura kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹbí rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́; òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ilé ìtura tó yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́rìí pé ó dé ọ̀dọ̀ àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Owó yàrá tó san, tó bọ́ sínú àpò àṣùwọ̀n òṣìṣẹ́ kan, ló jẹ́rìí fún un. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ ikú fún ẹni tó ni ilé ìtura náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì.

Ó ti pẹ́ tí òfin ti ń bi onílé ìtura léèrè àlejò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1584, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Calye's Case, àwọn adájọ́ sọ pé onílé gbọ́dọ̀ dáhùn fún ẹrù àlejò tó bá sọnù nínú ilé rẹ̀. Ẹṣin ló sọnù lọ́jọ́ náà. Onílé bọ́, nítorí àlejò fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dà á lọ jẹko. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó òfin yẹn wá síbí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣin wà láàyè láti rojọ́ tirẹ̀. Bí àlejò kò bá sí mọ́, ìwé orí káńtà ni ẹnu rẹ̀, Johnson kò sì ní ẹbí tí yóò wá a wá.

Mo gba bírò. Mo fa ilà sórí Johnson, mo kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àbúrò mi fajú ro. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin yẹn tó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà tiyín náà sí i."