Ẹ Ṣe Ọkọ̀ Tí Àgbẹ̀ Ìrolù Lè Rà

Ẹni tó bá dá oko ẹ̀gẹ́ ní Ìrolù, nílẹ̀ Rẹ́mọ, mọ̀ pé kì í ṣe wíwú ẹ̀gẹ́ ni wàhálà, bí yóò ṣe dé ọjà Ìlíṣàn tàbí Ṣágámù ni. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n wú u, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Owó ọkọ̀ ló sì ń jẹ èrè àgbẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ọkọ̀, ọ̀kadà ni yóò gbé àpò ẹ̀gẹ́, ìyá ọlọ́jà àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé ọdún 1975, nígbà tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ l'Ékòó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen tó rí roboto bí ìjàpá àti Peugeot 504 kò fi bẹ́ẹ̀ ní fáàrí kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí gíláàsì wọn sókè sódò. Atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, kò ní rédíétọ̀ tí yóò jò. Bí 504 bá dákú lọ́nà oko, mẹkáníìkì abẹ́ igi yóò tú u, yóò tò ó, kílẹ̀ tó ṣú ó ti gbéra. Tíṣà ń rà á, àgbẹ̀ olóbì náà ń rà á.

Lóde òní, tòkunbọ̀ ló gba ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kún fún wáyà àti kọ̀ǹpútà. Iná kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ á lóun ò lọ mọ́. Mẹkáníìkì ìgbèríko tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò á wá máa méfò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìjókòó tó ń fi iná mú ìdí èèyàn gbóná. Ta ló bẹ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn ní Ìrolù? Síbẹ̀ ẹni tó ra ọkọ̀ ti sanwó rẹ̀, yóò sì tún san owó àtúnṣe rẹ̀.

Ọkọ̀ tuntun kò ṣe é fẹnu bà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà kọjá 1,500 náírà ní oṣù kejì ọdún 2024.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ aláìnífáàrí kì í ṣe tuntun láyé. Ní ilẹ̀ Faransé, kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, Pierre Boulanger, ọ̀gá iléeṣẹ́ Citroën, ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí yóò gbé àgbẹ̀ méjì àti ọ̀dùnkún 50 kílò, tí yóò sì la inú oko tí wọ́n ti ro kọjá láìfọ́ ẹyin tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà, 2CV, jáde lọ́dún 1948, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1990. Ní 2004, Renault gbé Dacia Logan jáde láti Romania, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ jẹ́ 5,000 yúrò. Nítorí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó ni wọ́n ṣe ṣe é, àfi bí àwọn ará Faransé náà ṣe ń rà á.

Ṣùgbọ́n gígé náà ní ibi tó yẹ kó mọ. Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ Tata ní Íńdíà fi Nano han aráyé ní 100,000 rupee, wáípà kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tí àjọ Global NCAP fi í kọlu nǹkan láti dán an wò ní 2014, kò gba ìràwọ̀ kankan fún ààbò. Àwọn èèyàn kò sì fẹ́ kí ará àdúgbò rí wọn nínú ọkọ̀ tí wọ́n pè ní ti tálákà. Ní 2018, ó kógbá wọlé. Gíláàsì àfiná-yí, rédíò olójú gbọọrọ, gbogbo ìyẹn ṣe é yọ. Bíréèkì tó dáa, bẹ́líìtì fún gbogbo ìjókòó àti báàgì tó ń gba awakọ̀ sílẹ̀ kò ṣe é yọ rárá.

Àwọn kan yóò ní tòkunbọ̀ yóò ṣì dínwó ju ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bọ́ láṣọ lọ. Òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ Mobius ní Kenya, tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀nà ìgbèríko, kéde ní 2024 pé gbèsè fẹ́ ti òun pa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìjọba nìyẹn. Lọ́dún 2013, wọ́n bu ìdá 35 owó orí àti ìdá 35 àfikún lé ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé, kí iléeṣẹ́ ìbílẹ̀ lè gbèrú. Òfin ìnáwó ọdún 2020 wá dín àfikún náà kù sí ìdá 5. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, ọkọ̀ jíìpù ọlọ́lá àti ọkọ̀ kékeré tí àgbẹ̀ lè fi ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà nílò ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kò ní í gé ọmọ ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Innoson ń ṣe ọkọ̀ ní Nnewi, àwọn mìíràn ń to tiwọn l'Ékòó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọkọ̀ akẹ́rù kékeré fún àgbẹ̀ nínú wọn, kó kọ́kọ́ kó àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́wàá sí i, kó wà á gba ọ̀nà oko Ìrolù lásìkò òjò, kó tó dá iye lé e.