Oyè Ọ̀mọ̀wé Nínú Iṣẹ́ Ìgbaninímọ̀ràn: Ó Kan Òṣìṣẹ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń jíròrò owó tí ẹgbẹ́ yóò fi ran ọmọ ẹgbẹ́ tàbí àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nídìí ẹ̀kọ́. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí ti ẹnjiníà, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn ni òun fẹ́ kà títí dé oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní PhD, ẹ̀rín ni àwọn kan máa ń rín. Wọ́n á ní: "Ìmọ̀ràn lásán ni èèyàn fẹ́ fi gbogbo ọdún wọ̀nyí kà? Ṣé àwọn bàbá wa tó ń gbani nímọ̀ràn lábẹ́ igi lọ sí yunifásítì ni?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Èrò tiwa lójú ìwé yìí ni pé ẹ̀kọ́ náà tọ́ sí ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́, nítorí pé ó kan òṣìṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí a ń pàtẹ́wọ́ fún lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Kì í ṣe ààfin olówó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Frank Parsons. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́, ilé iṣẹ́ rélùwéè ló sì ti ń ṣiṣẹ́, títí ọrọ̀ ajé fi dẹnu kọlẹ̀ ní 1873 tí ilé iṣẹ́ náà sì wó. Parsons di lébìrà ní ilé iṣẹ́ irin. Lẹ́yìn èyí ó ṣe tíṣà, ó sì tún di lọ́yà. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un bó ṣe ń rí nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908, ó ṣí ọ́fíìsì kan ní ìlú Boston, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé lè wá béèrè irú iṣẹ́ tó bá wọn mu. Ohun mẹ́ta ló ní kí èèyàn ṣe: kó mọ ara rẹ̀ dáadáa, kó mọ iṣẹ́ tó wà lóde àti ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè, kó sì fi méjèèjì wéra kó tó yàn. Parsons kú lọ́dún yẹn kan náà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1909. Òun ni wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ yìí títí dòní. Ẹ rí i pé àárín àwọn èèyàn bíi tiwa ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ní 1959, àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, pe àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ẹnu iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà jẹ́ 60. Àkọsílẹ̀ sọ pé 54 nínú wọn ló ríṣẹ́ nígbà tí wọ́n jáde. Ní 1976, àwọn olùdámọ̀ràn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn yóò máa yan olùdámọ̀ràn sí àwọn ilé ìwé girama, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ iṣẹ́ tó wà níwájú wọn.

Láti 1977 ni ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá lọ sí ilé ìwé tí ọmọ yín ń lọ, kí ẹ béèrè olùdámọ̀ràn. Níbòmíràn, ẹ ó bá a lẹ́nu iṣẹ́. Níbòmíràn, wọn á ní tíṣà kan tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń fi kún un, yàrá tó yẹ kó ti máa gbọ́ ẹjọ́ ọmọ sì ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí. Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ọmọ tí wọ́n tì sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì nítorí pé bàbá rẹ̀ fẹ́ máa jẹ́ Bàbá Dókítà, tó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí ẹ̀rọ. Bí ọmọ olówó bá ṣi iṣẹ́ yàn, bàbá rẹ̀ á tún owó ná, á dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ kì í rí ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí owó wa ká, kó má ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Nípa ti àwọn àgbà, a kò kọ ìmọ̀ràn wọn sílẹ̀. Ní Ìpetumodù níbí, ìyá tó ń mọ ìkòkò mọ irú amọ̀ tó dára, ó mọ ìgbà tí ìkòkò gbẹ tó láti sun, ó sì fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Nídìí ìkòkò, kò sí olùdámọ̀ràn tó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, ṣé ìyá náà ni yóò sọ iye iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ yege nínú ìwé mẹ́wàá? Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ẹnu kò gbọdọ̀ gbé kiri. Awakọ̀ tó ti kọlu èèyàn lójú títì, tí kò lè sùn mọ́ lóru. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró tó wá sọ ọtí di oúnjẹ. Ẹni tó ku oṣù mẹ́fà kó fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rù sì ń bà á: bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n, ó lè di ọ̀rọ̀ agbo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé àṣírí ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ òun.

Ẹlòmíràn á ní: "Ó dáa, a gbà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé?" Òótọ́ ni pé olùdámọ̀ràn ilé ìwé kò nílò PhD. Oyè àkọ́kọ́ tó o, másítà sì ń fi kún un. Ẹni tó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé ni yóò máa kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn fúnra wọn. Ẹ padà sídìí ìkòkò: ìyá tó ń mọ ìkòkò tà ń bọ́ ilé rẹ̀, èyí tó kọ́ ọmọbìnrin mẹ́wàá ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú nílùú. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní CACREP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ló ń yẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí wò. Ohun márùn-ún ló ní kí ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ kọ́: ìgbaninímọ̀ràn, bíbójútó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, kíkọ́ni, ìwádìí, àti ìdarí pẹ̀lú jíjà fún ẹ̀tọ́ ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa náà nìyẹn.

Ní ti ìwádìí, àpẹẹrẹ wà nítòsí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní 1955. Kò fi oyè náà kọ́ ara ògiri. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ọmọ tálákà ló jàǹfààní ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń fẹ́ nìyí: kí ọmọ òṣìṣẹ́ tó mọ ooru ilé iṣẹ́ àti ariwo gárèèjì wádìí ohun tó ń jẹ wá níyà.

Àmọ́ o, ẹ má fi ìwàǹwára wọ̀ ọ́. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Oyè àkọ́kọ́ ni ti ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ másítà, kó tó kan ti ọ̀mọ̀wé, èyí tí kì í sábà dín ní ọdún mẹ́ta, tó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ wà tí yóò bójú tó ìwádìí yín. Ẹ ka ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn: bí oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà lẹ́nu rẹ̀ ní 2020, oṣù mẹ́jọ ní 2022. Àwa tí a mọ ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ kò ní bú wọn, ṣùgbọ́n ẹ kà á mọ́ ọn. Ẹ sì sá fún oyè ọ̀nà àbùjá. Nígbà tí oníròyìn kan gba ìwé ẹ̀rí oyè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Kútọnu, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí àti ní Ìbàdàn. Kí ló ń lé wa?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la ń béèrè. Èkíní, kí gbogbo òbí nínú ẹ̀ka yìí dìde ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, kí wọ́n béèrè ibi tí olùdámọ̀ràn wà. Èkejì, kí àwọn aṣojú wa gbé e síwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Láti 1971 ni òfin ti dá àpò owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tí a mọ̀ sí ITF sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sínú rẹ̀. A kò ní kí wọ́n fi rán ẹnikẹ́ni lọ gba PhD. Kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń bójú tó ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́ ní bí a ṣe ń gbani nímọ̀ràn. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ìgbìmọ̀ bá tún jókòó lórí owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, tí ìwé ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí sì dé iwájú wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ti dókítà wò.

Kí ẹni tí a bá sì ràn lọ́wọ́ rántí pé owó iṣẹ́ òru ló gbé òun dé ibẹ̀. Bó bá gba oyè tán, kó padà wá kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.