Ẹ̀rọ Tó Ń Fọṣọ Tó Tún Ń Sá A

Òjò ti ń mú àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà bèèrè ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ, tó tún ń mú un gbẹ. Wọn ò jẹ̀bi: okùn ìsáṣọ kan ṣoṣo ni àwọn ayálégbé ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Síbẹ̀, kí wọ́n má rà á. Ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀hún: ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró de èkejì. Èyí tó ń fọ kílò 8 kì í sábà lè mú ju 5 tàbí 6 lọ gbẹ. Ooru rẹ̀ ń jẹ iná gan-an. Jẹnẹrétọ̀ kékeré “I better pass my neighbour” ò lè gbé e. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì rèé, owó iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná jù lọ, fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan.

Ẹ̀rọ oníhò méjì, tí ọ̀kan ń fọ, tí èkejì ń fún omi dànù, ló yẹ wọ́n. Aṣọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò ní kán omi mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fáànù á parí ìyókù.