Àtúngbọ́ Ẹjọ́ Kì í Ṣe Ìdáǹdè

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní olówó tí kóòtù bá pàṣẹ pé kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ti mórí bọ́ nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń bí i nínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà ìpínlẹ̀ Abia tẹ́lẹ̀ rí. Ní December 2019 ni wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12. Nígbà tó di May 2020, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìdájọ́ náà. Wọn ò sọ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ o. Adájọ́ tó dá ẹjọ́ ọ̀hún ti gba ìgbéga sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, kò sì láṣẹ mọ́ láti jókòó níbi tó ti dá a. Wọ́n wá ní kí wọ́n tún ẹjọ́ Ude Jones Udeogu, tí wọ́n jọ dá lẹ́bi tó sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà, gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2021, kóòtù kan l'Ábújá ní àṣẹ yẹn ò kan Kalu. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti gbà fún akọ̀wé yín pé inú lè bí ènìyàn.

Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Yesufu Abodundu, ni àwọn adájọ́ wa ti la ohun tó gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ sílẹ̀: àṣìṣe gbọ́dọ̀ wà nínú ìgbẹ́jọ́, ẹ̀rí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, àtúngbọ́ ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ di ìnilára.

Tálákà gan-an ló yẹ kó mọ òfin yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí ènìyàn wọn wà lẹ́wọ̀n: 90 ọjọ́ péré lẹ́yìn ìdájọ́ ni òfin fún wọn láti gbé ẹjọ́ wọn lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Kí wọ́n tètè lọ sí Legal Aid Council.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn