Èèwọ̀ Tí Ara Fúnra Rẹ̀ Kà: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tí Kì Í Jẹ Búrẹ́dì, Tí Kì Í Mu Wàrà

"Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Àṣà ìdílé kan sí ìdílé kejì ni àwọn àgbà ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ayé ti dé ibi tí òwe náà fi bá ọmọ kan ṣoṣo mu nínú ilé kan náà, níbi tí gbogbo ẹbí ti ń fi búrẹ́dì àti tíì onímílíìkì jí ní òwúrọ̀, tí ara ọmọ náà kò sì gba èyíkéyìí nínú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí lónìí nínú àwọn ilé Yorùbá kan, ìbáà ṣe nílé ìbáà ṣe lẹ́yìn odi. Òbí á gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí inú wíwú, ìgbẹ́ gbuuru àti àìdàgbà. Dókítà á ní kí wọ́n má ṣe fún un ní ohunkóhun tí ó ní àlìkámà tàbí wàrà màlúù nínú mọ́. Bí wọ́n bá padà dé ilé, ọ̀rọ̀ á di ti ẹbí. Ìyá àgbà á béèrè pé kí ni ọmọ tí kì í jẹ búrẹ́dì yóò máa mú lọ sí ilé ìwé. Aládùúgbò á ní àṣejù ni, pé ọmọ tí ebi bá pa dáadáa yóò jẹ ohun tí ó bá rí. Láàrin àṣẹ dókítà àti ohùn ẹbí, ọmọ ni ó wà níbẹ̀ tí inú ń run.

Ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní celiac. Èròjà kan wà nínú ọkà àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gílútìn; òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bí rọ́bà nígbà tí a bá ń pò ó. Bí ẹni tí ó ní àrùn yìí bá jẹ ẹ́, ohun tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo ara yóò dojú ìjà kọ ìfun, yóò sì ba ibi tí oúnjẹ ti ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ọmọ lè máa jẹun lójoojúmọ́ kí ó sì máa rù. Èkejì ni kí ṣúgà inú wàrà, tí à ń pè ní láátóòsì, má dà nínú ìfun. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni ìyẹn ń fà, ọ̀pọ̀ tí ó rí bẹ́ẹ̀ sì lè mu wàrà díẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ̀kẹta ni kí ara bínú sí èròjà amáradàgbà tí ó wà nínú wàrà. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ lè mú kí ètè ọmọ wú, kí ara rẹ̀ sú, kí ó má sì lè mí dáadáa mọ́.

Ní ọdún 1888 ni Dókítà Samuel Gee ti ṣàpèjúwe àrùn èkíní yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fura sí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú wọn. Willem Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, ni ó tú àṣírí náà. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyàn mú ní ilẹ̀ wọn ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, ara àwọn ọmọ tí ó ní àrùn náà ń yá sí i. Búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà sì padà dé. Ní ọdún 1950, Dicke fi ìmọ̀ yìí kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Títí di òní, kò sí oògùn tí ń wo àrùn náà sàn. Kí ènìyàn yẹra fún gílútìn jálẹ̀ ayé rẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ti wàrà, ilẹ̀ wa níhìn-ín gan-an ni a ti ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà àti Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó di mínísítà fún ètò ìlera Nàìjíríà ní 1985, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n rí i pé láàrin àwọn Yorùbá tí ó ti kúrò ní ọmọ ọmú, ṣúgà inú wàrà kì í dà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn Fúlàní darandaran kò ní ìṣòro kankan. Èyí kì í ṣe àbùkù. Ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ń fi wàrà tútù ṣe oúnjẹ ni ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń gbà á. Wàrà tí Yorùbá ń rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní ni èyí tí a fi oje bòmubòmu mú dì, tí omi rẹ̀ sì ti gbé púpọ̀ nínú ṣúgà náà lọ. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra o: ọmọ tí ara rẹ̀ ń bínú sí wàrà kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan èyí pàápàá.

Bí a bá wá wo ìtàn, a ó rí i pé àwọn oúnjẹ méjèèjì tí à ń jà lé lórí kì í ṣe ti ìpìlẹ̀ wa. Láti inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ àlìkámà ti gba ọ̀dọ̀ Hausa dé ọ̀dọ̀ wa; láti ẹnu òyìnbó ni búrẹ́dì ti wá. Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tonílé tàlejò ní Èkó láti nǹkan bí àwọn ọdún 1920. Kò tó àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1987. Ariwo ta káàkiri ilẹ̀, a sì mú òfin náà kúrò ní 1992. Ohun tí àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ ti di ohun tí a kò lè ṣe aláìní.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kò sí ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ ti gbàgbé inú ìkòkò ìyá rẹ̀. Iṣu, àmàlà, láfún, ẹ̀bà, fùfú, ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀, àkàrà, ìrẹsì, dòdò, ọ̀dùnkún, ọkà bàbà: kò sí gílútìn nínú ọ̀kankan wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní wàrà nínú. Ohun tí ń mú egungun le nínú wàrà wà nínú ẹ̀fọ́ tútù àti nínú ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun. Ọmọ ọwọ́ ní tirẹ̀ kò ní oúnjẹ tí ó ju ọmú ìyá lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ.

Síbẹ̀, ọ̀fìn pọ̀ lọ́nà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àkàrà tí a dín nínú epo tí a ti fi dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ti kó gílútìn. Èlùbọ́ tí a lọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi lọ àlìkámà kò mọ́ fún ọmọ yìí. Àlìkámà ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú sèmó. Búrẹ́dì tí a pò ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ṣì ní àlìkámà nínú. Lọ́jà, kí a ka ohun tí a kọ sí ara páálí àwọn ohun amọ́bẹ̀dùn àti bisikíìtì. Àjọ NAFDAC ti là á kalẹ̀ pé kí a kọ àwọn èròjà sí ara oúnjẹ inú páálí, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ́ sí ara búrẹ́dì Agége tí a fi ọ̀rá lásán wé? Ní ilẹ̀ Britain, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni òfin ti fi dandan lé e pé kí ilé ìtajà tí ó bá di oúnjẹ sílẹ̀ fún títà kọ gbogbo èròjà rẹ̀ sí i lára. Ní Brazil, òfin ọdún 2003 ní kí gbogbo oúnjẹ inú páálí sọ bóyá gílútìn wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní Bahia, níbi tí àkàrà àwọn baba wa ṣì wà lójú pópó, ẹ̀wà lásán ni àkàrà náà, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni a sábà fi ń ro vatapá tí wọ́n ń kì sí i nínú.

Níbo ni àṣà wá wà nínú gbogbo èyí? Nínú èèwọ̀ ni. Ẹni tí ó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. A kì í gbé àdí dé ojúbọ Èṣù. Ìdílé kan wà tí kì í jẹ ẹran tí ìdílé kejì ń jẹ ní àjẹlánu. Lọ́jọ́ àkọsẹ̀jayé, babaláwo a máa sọ èèwọ̀ ọmọ tuntun fún àwọn òbí rẹ̀, gbogbo agbolé a sì mọ̀ ọ́n. Olóúnjẹ kì í bá àlejò jà nítorí èèwọ̀ rẹ̀, a kì í sì fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Bí a bá sọ fún ìyá àgbà pé "búrẹ́dì àti wàrà ni èèwọ̀ ọmọ yìí", ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ láti kékeré ni a bá a sọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gba bisikíìtì kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Èèwọ̀ òrìṣà ní ètùtù. Èèwọ̀ ara kò ní. Ẹni tí ó bá fún ọmọ ní búrẹ́dì ní ìkọ̀kọ̀ nítorí àánú kò rí ohun tí yóò fi tu ìfun rẹ̀ lójú. Ìyàtọ̀ kejì ni pé a kì í kéde èèwọ̀ ara láìsí àyẹ̀wò. Kòkòrò inú, omi àìmọ́ àti ibà lè fa irú àìsàn kan náà, wọ́n sì wọ́pọ̀ láàrin wa ju celiac lọ. Ẹni tí ó bá sì mú búrẹ́dì kúrò kí a tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lè mú kí àyẹ̀wò náà má rí òtítọ́. Àwọn òbí mìíràn ń ka oúnjẹ méjèèjì yìí léèwọ̀ fún ọmọ tí ó ní autism. Ìwádìí kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń retí. Èyí tí ó burú jù ni kí a pe ọmọ tí ń rù ní àbíkú, kí a máa wá ẹni tí ń ṣe é kiri, nígbà tí ohun tí ń ṣe é wà nínú abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Abọ́ kan náà ni àwọn ọmọ agbolé ti ń jẹun pọ̀ láti ìgbà pípẹ́, àjùmọ̀jẹ sì ni okùn tí ó so ẹbí pọ̀. Ohun tí ó ń dun ọmọ bẹ́ẹ̀ jù kì í ṣe búrẹ́dì tí kò jẹ, bí kò ṣe pé kí ó dá jókòó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun. Ilé tí ó bá se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún gbogbo àwọn ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ ti tún okùn náà so, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ èyí tí ara rẹ̀ ka nǹkan léèwọ̀ láàrin wọn. Kí olùkọ́ mọ̀, kí ìyá olóúnjẹ ilé ìwé mọ̀, kí ẹbí bàbá àti ti ìyá mọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.