Ẹ Má Fi Ìrù Nìkan Dá Ẹjọ́ Iye

Ní Basin, ní Ìlọrin níhìn-ín, mo bá ọmọ ìyá ọlọ́sàn kan tó ń sunkún. Olùkọ́ rẹ̀ ń kọ́ wọn ní práìmù, èyíinì ni iye tí kò ṣeé pín sí òkìtì dọ́gba-dọ́gba. Ọmọ náà kọ̀wé pé 91 kì í ṣe práìmù. Olùkọ́ fagi lé e, ó ní ìrù rẹ̀ jẹ́ 1.

“Má sunkún mọ́, ọmọ mi,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ka ọsàn 91 sílẹ̀, ó kó wọn jọ ní mẹ́tàlá-mẹ́tàlá. Òkìtì méje gééré, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù!

Kí ló ṣi olùkọ́ lọ́nà? Òótọ́ tí kò pé ni. Yàtọ̀ sí 2 àti 5, gbogbo práìmù ló ń parí sí 1, 3, 7 tàbí 9. Èdè wa gan-an fi í hàn: 11 àti 13 fi ọ̀kan àti mẹ́ta lé ní ẹ̀wá; 17 àti 19 fi mẹ́ta àti ọ̀kan dín ní ogún. Ṣùgbọ́n 21, 27, 51 àti 91 náà nírú ìrù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ṣeé pín. Ìrù lè lé iye jáde. Kò lè gbà á wọlé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ṣì ń rí ìyanu nídìí ìrù yìí. Ní 2016, Kannan Soundararajan àti Robert Lemke Oliver, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé práìmù kì í fẹ́ tún ìrù ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ní. Nínú mílíọ̀nù 100 práìmù àkọ́kọ́, bíi mílíọ̀nù 25 ló parí sí 1. Nínú ìwọ̀nyí, 4,623,042 péré ni práìmù tó tẹ̀ lé wọn tún parí sí 1. Èyí tí ìrù 7 tẹ̀ lé jẹ́ 7,504,612.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀nà tó rọrùn nìyí. Láti 11 dé 99, bí ìrù bá jẹ́ 1, 3, 7 tàbí 9, ẹ fi 3 àti 7 pín iye náà wò. Bí méjèèjì bá kọ̀, práìmù ni. Bí ọmọ bá sì ní iye kan ṣeé pín, ẹ jẹ́ kó pín in lójú yín kí ẹ tó fagi lé e. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀gàn. Kí a mọ̀ ọ́n, kí a má tún un ṣe, lẹ̀gàn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.