Iṣẹ́ odò n'Ìbàdàn: Ẹ bi ará àdúgbò kí kátàpílà tó dé

Ẹni tó bá ti dàgbà n'Ìbàdàn kò lè gbàgbé Omíyalé. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé èèyàn, ilé àti mọ́tò lọ. Ìjọba ṣèlérí, kọngílá dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà tí wọ́n tún ń pa á tì. Nígbà tó di ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún yalé. Èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ, afárá sì wó káàkiri ìgboro.

Lọ́dún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti gbógun ti omíyalé n'Ìbàdàn. Ohun tó dára nínú ètò náà ni pé wọn kò da gbogbo iṣẹ́ rú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣètò tí yóò kárí ìlú lọ́wọ́. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1942, náà rí àtúnṣe gbà. Àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ tuntun náà kì í gbin gbogbo rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ebè mélòó kan ni yóò fi dán ilẹ̀ náà wò ná.

Ṣùgbọ́n ta ló mọ ọ̀nà tí omi ń gbà? Kì í ṣe ẹ̀ńjìnnìà tó ti Àbújá wá. Ní agbègbè Olúyọ̀lé, tí Odò Ọnà gbà kọjá, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò mọ ibi tí omi ń dé bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ayálégbé tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, nítorí yàrá tirẹ̀ ni omi ń kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọn kì í sábà pè sípàdé. Baálẹ̀ àti àwọn lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń fún ní àga, wọn a fún wọn ní mínírà, ó parí. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé kí wọ́n tó pe ìpàdé. Ìkéde nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè.

Òótọ́ ni pé ará ìlú náà ń jẹ̀bi. Àwọn kan kọ́lé sójú àgbàrá, àwọn mìíràn ń da ilẹ̀ sódò lóru. Bí wọ́n bá sì ní kí onílé kó kúrò, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè rọ́pò owó gbà-má-bínú tó tó, tó sì tètè dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe nídìí iṣẹ́ odò yòówù tó bá kù kò le. Kí wọ́n ṣe apá kan, kí òjò ọdún kan rọ̀ sí i. Nígbà tó bá di oṣù kẹwàá, kí wọ́n padà lọ bi ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bóyá omi ṣì wọlé. Títí yóò fi dáhùn, kí wọ́n má tíì san owó tó kù fún kọngílá.